Ṣé ó tọ́ kí ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré di ààrẹ Amẹ́ríkà?

Lójú tèmi, kò tọ́, àmọ́ òfin wọn gbà á. Lọ́dún 2016, ìbò Hillary Clinton fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.9 ju ti Donald Trump lọ, síbẹ̀ Trump ló wọlé.

Àwọn aṣojú olùdìbò 538 ló ń yan ààrẹ; ẹni tó bá rí 270 ló borí. Iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kan ní jẹ́ iye ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin rẹ̀, pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ méjì tí gbogbo ìpínlẹ̀ ní lọ́gbọọgba. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́: aṣojú kan ní Wyoming, ìpínlẹ̀ tí èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, dúró fún nǹkan bíi 192,000 èèyàn, ti California tí èrò pọ̀ sí dúró fún nǹkan bíi 732,000.

Èyí tó tún burú jù ni kó-gbogbo-ẹ̀-lọ. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo ṣíwájú ló kó gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀. Ní Florida lọ́dún 2000, ìbò 537 péré tí George W. Bush fi ṣíwájú ló gbé aṣojú 25 fún un.

Àwọn tó fara mọ́ ètò yìí ní kò ní jẹ́ kí àwọn ìlú ńlá nìkan máa yan ààrẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìpínlẹ̀ tí wọn ò mọ ibi tó máa yà sí ni àwọn olùdíje ń lọ polongo.