Ta ló ṣe àwo orin Porn Again gan-an? Ṣé The High & Mighty ni Smut Peddlers?

Rárá o, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Smut Peddlers ni ẹgbẹ́ olórin ráàpù tó ṣe àwo náà, èèyàn mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: Cage, Mr. Eon àti DJ Mighty Mi. Eon àti Mighty Mi ni The High & Mighty, àwọn ọmọ Philadelphia tó dá ilé iṣẹ́ orin Eastern Conference sílẹ̀. Cage ni wọ́n fi kún un, Middletown ní ìpínlẹ̀ New York lòun ti dàgbà.

Ọdún 2001 ni àwo náà jáde, ilé iṣẹ́ orin Rawkus ló bá wọn gbé e. Àkọlé rẹ̀ ń fi àwọn àtúnbí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n pààrọ̀ nínú "born again". Ọ̀rọ̀ rírùn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ má tan án níwájú ìyá yín.

Orin tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni "Talk Like Sex Pt. 2". Olórin ráàpù Kool G Rap fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí òun àti DJ Polo ló ni apá kìíní, nínú àwo wọn Wanted: Dead or Alive ti 1990. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn, ìdajì ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ ti fò ó dá.

Tí ẹ bá ń wá a, ẹ kọ orúkọ Cage mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì kan wà ní California tó ń jẹ́ Smut Peddlers bákan náà. Tó bá jẹ́ pé gìtá ló ń pariwo, ẹ ti ṣìnà nìyẹn.