Làálì mi kò mú dọ́gba: kí ni mo lè ṣe kí Sátidé tó dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kàbà ni mo ń gbé, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ń bọ̀ ní Ìyàrá ní Sátidé yìí. Alẹ́ àná, ọjọ́ Àìkú, ni mo lé làálì. Ọwọ́ ọ̀tún ti ń pọ́n díẹ̀, àmọ́ tòsì kò kọjá àwọ̀ ọsàn, ó sì ṣàn dé ọrùn ọwọ́, ó wá ṣe àbàwọ́n síbẹ̀. Ti ẹsẹ̀, ẹni tó bá mi ṣe é po dáì irun mọ́ ọn kó lè dúdú. Ó ti ń yún mi. Ṣé kí n fi Hypo fọ gbogbo rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Okun o. Ẹ má jẹ́ kí Hypo kàn án rárá. Ara yín ni yóò bó, àwọ̀ náà á sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Ewé làálì fúnra rẹ̀ kì í dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, dáì ló wà nínú rẹ̀. Dáì irun dúdú sábà máa ń ní èròjà tí wọ́n ń pè ní PPD. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú dáì irun, wọn kò sì gbà kí a fi kun ara rárá. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ ẹsẹ̀ náà báyìí. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á, ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù bò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bó bá wú tàbí tó lé ròrò, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ojú bá ń wú tàbí mímí ń nira, ẹ má dúró rárá. Wíwú tàbí ròrò náà lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yọjú, nítorí náà ẹ máa wo ẹsẹ̀ náà. Ẹni tí PPD bá ti bá jà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ fi dáì dúdú kan irun mọ́, torí ara kì í gbàgbé rẹ̀.

Ó kan ọwọ́ òsì. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Làálì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń jẹ́ àwọ̀ ọsàn, wákàtí 24 sí 48 ló fi ń pọ́n dáadáa. Ẹ dúró di àárọ̀ Ọjọ́rú. Bí kò bá yí padà, á jẹ́ pé ìpara wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lé e, tàbí ẹ tètè ṣí i, tàbí omi tètè kàn án, tàbí ìyẹ̀fun náà ti pẹ́ lọ́jà.

Nígbà náà, ẹ tún un lé lálẹ́ Ọjọ́rú, kó lè gbó di Sátidé. Gíráàmù 50 ìyẹ̀fun tó fún ọwọ́ méjèèjì. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ pò ó kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà kan sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ bò ó fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ má fi ìpara kankan sí i, àfi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹ kò fẹ́ kó mú, irú bí ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ ìka. Ojú ìlà ti tẹ́lẹ̀ gan-an ni kí ẹ tọ̀. Ẹ fi ọ̀rá wé e mọ́jú. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á kúrò, ẹ má fọ̀ ọ́; kí omi má kàn án fún wákàtí 12, ó kéré tán.

Àbàwọ́n ọrùn ọwọ́ nìkan ló gba fífọ̀, ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Awọ tó ti kú lókè ara ni làálì ń dì mọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í lọ àfi bí awọ náà bá ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òróró tàbí àdí àgbọn pa á fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti kànìnkànìn rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láìjẹ́ kó kan àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má ro ti kírímù abóra: àwọ̀ tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ni irú wọn ń dá dúró, wọn kò ní agbára lórí làálì, awọ tó wà lábẹ́ làálì náà ni yóò wá funfun jù. Kò ní lọ tán kí Sátidé tó dé, ṣùgbọ́n á ṣí débi tí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tàbí aago fi lè bò ó.

Àwọn ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ẹ má lé làálì fún wọn nítorí ayẹyẹ. Ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, làálì lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Bó bá kan èékánná, èyí kò ṣeé fọ̀. Ẹ kun kútẹ́ẹ̀sì lé e, kí ẹ máa gé e bó ṣe ń hù.