Èsì: Ṣé fóònù ló ń ba ọpọlọ ọmọ mi jẹ́?

Mọ̀mí, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Ẹ ní ọmọ ọdún 15 yín ń tẹ fóònù di aago 2 òru, tílẹ̀ bá mọ́ á máa kanra, ìwé tó kà ò dúró lórí ẹ̀. Lójú tèmi oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí iná fóònù yẹn lè dí melatonin lọ́wọ́, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ sì nílò oorun wákàtí 8 sí 10, inú oorun yẹn náà ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọ́ fóònù o! Yàrá yín ni kẹ́ ẹ ti máa ṣáàjì ẹ̀ lálẹ́. Tó bá wá ń dá sunkún tàbí ń sá fún èèyàn, ẹ tètè mú u lọ rí dókítà l'Adó.