Ìtumọ̀ Òkúta Idẹ Tí Ó Wà Lójú Títì Ní Àwọn Ìlú Jámánì

Ìbéèrè náà ni pé kí ni ìtumọ̀ àwọn òkúta idẹ kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì ní Berlin, kí sì ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń kúnlẹ̀ tì wọ́n, tí wọ́n ń fi àkísà nu wọ́n.

Stolpersteine, ìyẹn “òkúta ìkọsẹ̀”, ni àwọn ará Jámánì ń pè wọ́n. Òkúta ìrántí ni wọ́n jẹ́ fún àwọn tí ìjọba Hitler pa tàbí ṣe inúnibíni sí. Oníṣẹ́ ọnà kan tí ń jẹ́ Gunter Demnig ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ìlú Cologne ní ọdún 1992. Òkúta kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní ìbú àti òòró. Kọnkéré ni, idẹ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń lu lẹ́tà sára idẹ náà. Iwájú ilé tí ẹni tí wọ́n ń rántí fúnra rẹ̀ yàn láti gbé kẹ́yìn, kí ìjọba Hitler tó lé e jáde tàbí kí wọ́n tó wá kó o lọ, ni wọ́n sábà máa ń rì í mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú rẹ̀ kò pọ̀: “Ibí ni ó gbé”, lẹ́yìn náà orúkọ, ọdún ìbí, ọdún tí wọ́n mú un, àti ibi tí ó ti bá ikú pàdé. Àwọn Júù ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ óo tún bá àwọn ẹ̀yà Roma àti Sinti, àwọn abirùn, àti àwọn tí wọ́n tako ìjọba náà. Ní ọdún 2023, iye òkúta náà káàkiri Yúróòpù pé 100,000.

Kì í ṣe sàréè o. Èyí ni ó lè ṣi àwa Yorùbá lọ́nà, nítorí pé a máa ń sin àgbà wa sínú ọgbà ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń sọ yìí ni kò ní sàréè níbi kankan, nítorí pé wọ́n dáná sun òkú wọn ní àgọ́ tí wọ́n ti pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n dá orúkọ wọn padà sí.

Bí òjò àti eruku bá ti ń bá idẹ fínra, yóò ṣú títí orúkọ kò fi ní ṣeé kà mọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, tí wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù ní 1938, àti ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní, tí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz sílẹ̀ ní 1945, àwọn aládùúgbò àti àwọn ọmọ ilé ìwé a jáde, wọn a kúnlẹ̀, wọn a nu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dán, wọn a sì gbé òdòdó àti àbẹ́là tì í.

Ìlú Munich kò gba òkúta wọ̀nyí láàyè lórí ilẹ̀ ìjọba. Charlotte Knobloch, olórí àwùjọ Júù ibẹ̀, tí òun náà la ìpọ́njú yẹn já nígbà èwe, sọ pé kò yẹ kí a máa fi ẹsẹ̀ tẹ orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mi ò sì jẹ́ fojú tín-ínrín rẹ̀. Síbẹ̀, mo fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé kò sí ẹni tí yóò ka orúkọ náà tí kò ní tẹrí ba.

Ní Brunnenstraße 193 ní Berlin, ẹ óo rí ti Mahjub bin Adam Mohamed, ọmọ Dar es Salaam, tí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Swahili ní yunifásítì ìlú náà. Wọ́n mú un ní 1941, ó sì kú ní àgọ́ Sachsenhausen ní 1944. Bí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀, ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ nu ún. Kò sí àṣẹ tí ẹ ní láti gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.