Ẹ Bi Wá: Ṣé Lóòótọ́ Ni Òòfà Lè Ṣiṣẹ́ Prósẹ́sọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe ní Arákalẹ̀ níbí l'Ákùrẹ́, ooru ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá bá mi, fáànù á ti kú, èèyàn á ṣì gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì á máa lò ó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní FUTA wá ń sọ fún mi pé àwọn kan ti ń fi ìgbì inú òòfà ṣe ìṣirò, pé kọ́rẹ́ǹtì ò ní máa gba inú ẹ̀ kọjá mọ́, pé ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó gbóná. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, òòfà tí àwa máa ń lé jìnnà sí hard disk! Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? – Oníṣẹ́ láptọ́ọ̀pù, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá wa, àbúrò yín ló jàre, àmọ́ ó kù díẹ̀ tí ò sọ. Hard disk yẹn gan-an, òòfà tín-ín-rín tí wọ́n fi cobalt ṣe ló wà lára àwo ẹ̀, ibẹ̀ ni fáìlì àwọn kọ́sítọ́mà yín wà. Òòfà ti ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ tipẹ́, ká fi tọ́jú nǹkan la mọ̀ ọ́n mọ́, kó máa ṣe ìṣirò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ooru tẹ́ ẹ ń bá jà yẹn, electron ló fà á. Wọ́n ní láti máa sáré gba inú wáyà àti transístọ̀ kọjá, wọ́n ń forí gbá àwọn átọ́ọ̀mù tó wà lọ́nà, gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru, ẹ sì mọ̀ pé transístọ̀ inú chip kan lóde òní lé ní bílíọ̀nù kan.

Nínú òòfà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Electron kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n ń pè ní spin, òun ló sọ ọ́ di òòfà kékeré, gbogbo wọn á sì kọjú síbì kan náà. Ẹ rántí òkòtó, tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, orí ẹ̀ á máa fì yípo kó tó ṣubú. Bí òòfà kékeré yẹn ṣe máa ń fì nìyẹn tí nǹkan bá tì í, àmọ́ torí pé òun àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ di ara wọn mú, ìyẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, á ran ẹ̀kẹta, ìfì yẹn á máa rìn lọ báyìí láìsí electron kankan tó kúrò láyè ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìgbì spin. Felix Bloch, onímọ̀ físíìsì, ló fi ìṣirò gbé e jáde lọ́dún 1930, ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìgbì yẹn ni wọ́n ń pè ní magnon.

Ìgbì rédíò tó bá jẹ́ 10 gigahertz, ìyẹn tó ń fì nígbà bílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 nínú afẹ́fẹ́, ìgbì spin tó ń fì bákan náà lè má gùn ju máíkírómítà kan lọ, ẹ ò rí i pé ìyẹn máa gba inú chip.

Bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀ ló wù mí jù. YIG ni wọ́n fẹ́ràn jù, kírísítà tó ní yttrium, irin àti oxygen nínú, kọ́rẹ́ǹtì ò tiẹ̀ lè gba inú ẹ̀ kọjá rárá, síbẹ̀ ìgbì spin ń fò nínú ẹ̀. Wọ́n á ṣe é tín-ín-rín, fíìmù ni wọ́n ń pe ìyẹn, wọ́n á tẹ́ wáyà kékeré lé e lórí, wọ́n á fi kọ́rẹ́ǹtì onígígáhátìsì sínú wáyà yẹn, òun ló máa mi òòfà tó wà nísàlẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá kọjú òòfà náà sí ló máa sọ irú ìgbì tẹ́ ẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ dábùú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà, ojú òkè àti ìsàlẹ̀ fíìmù náà ló máa fara mọ́, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Damon àti Eshbach, ló ṣàlàyé ìyẹn lọ́dún 1961. Tẹ́ ẹ bá wá kọjú ẹ̀ sí ọ̀nà tí ìgbì ń lọ, agbára á máa lọ síwájú, àmọ́ orí ìgbì á máa rìn padà sẹ́yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìyẹn mo ní láti tún un kà. Wọ́n tún lè gbẹ́ kòtò kéékèèké lórí fíìmù náà ní ìwọ̀n kan náà, àwọn ìgbì kan ò ní lè kọjá mọ́.

Ìṣirò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìgbì tó bá ń gòkè jẹ́ 0, kí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ lásìkò yẹn kan náà jẹ́ 1. Tí ìgbì mẹ́ta bá pàdé, méjì tó bá bára mu ló máa borí. Tẹ́ ẹ bá wá de ọ̀kan mọ́ 0, ó di AND, ìyẹn pé àfi kí méjì tó kù jẹ́ 1 kí èsì tó jẹ́ 1, tẹ́ ẹ bá dè é mọ́ 1, ó di OR, ìyẹn pé tí ọ̀kan péré bá ti jẹ́ 1, èsì á jẹ́ 1, nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì yẹn o. Àwọn ará yunifásítì Kaiserslautern ní Jámánì ti fi YIG ṣe é lọ́dún 2017, ṣáájú ìyẹn ní 2014, wọ́n ti ṣe transístọ̀ tó jẹ́ pé magnon ló ń dí magnon lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ físíìsì nílé ìwé girama l'Óńdó. Tó bá dáa tó báyìí, kí ló dé tá ò tíì rí i lọ́jà? – Tíṣà, Òǹdó

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun sà. Ìgbì yẹn ń kú lọ́nà ni. Nínú permalloy, ìyẹn nickel àti irin tó rọrùn láti ṣe, ìgbì ò ní rìn jìnnà tó fi máa tán. Nínú YIG ó ń rìn jìnnà dáadáa, àmọ́ YIG tó dáa orí kírísítà míì tí wọ́n ń pè ní GGG ni wọ́n ti ń hù ú, pẹ̀lú iná tó gbóná gan-an, orí silicon tí gbogbo chip wà ò sì bá a lára mu. Àbúrò ọ̀gá wa l'Ákùrẹ́ ò sì mẹ́nu bà á pé wáyà tó ń bí ìgbì yẹn ṣì ń jẹ kọ́rẹ́ǹtì, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń ṣòfò kó tó di ìgbì, àti pé ìgbì tó bá kú, ooru náà ló ń dà, ó kàn kéré ni. Lójú tèmi, ibi àtiwọlé àtijáde yẹn ni iṣẹ́ kù sí jù. Mi ò rò pé ó máa lé prósẹ́sọ̀ wa lọ, ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa jókòó sí, á máa ṣe àwọn iṣẹ́ kan bíi kó máa sẹ́ sígínà, kó yọ èyí tá ò fẹ́ kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé mo lè ṣe nǹkan kan nínú ẹ̀ láìsí láàbù? – Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA South Gate

ÌDÁHÙN: O lè ṣe é dáadáa, àbúrò mi. Wa OOMMF sórí láptọ́ọ̀pù ẹ, sọ́fúwíà tó ń fi ìṣirò ṣàfihàn bí òòfà ṣe ń ṣe ni, ọ̀fẹ́ sì ni, NIST, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíwọ̀n ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, kò béèrè káàdì gíráfíìkì kankan. Mumax3 ti yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù yára jù ú lọ, àmọ́ ó fẹ́ káàdì NVIDIA. Fi permalloy tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ, ìyẹn ègé kéékèèké tí sọ́fúwíà náà máa pín òòfà sí, ju nánómítà 5 lọ, kó o sì mú damping, ìyẹn ohun tó ń pa ìgbì, pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ létí ẹ̀ méjèèjì, tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ìgbì á máa ta padà láti etí, wàá máa rò pé ìgbì tuntun lò ń rí.