Wọ́n ní kí n sáìnì kó tó di Fráídè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí bílì ní ọsibítù kan, oṣù tó kọjá ni mo pé 57. Mánéjà tuntun dé lọ́dún tó kọjá, kò ju àkọ́bí mi lọ. Látìgbà yẹn, tá a bá ti wà ní mítíǹgì, "Mama, ìgbà wo lẹ máa fẹ̀yìn tì?" ló fi ń kí mi, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun dé, àwọn ọmọdé ló ní kí wọ́n lọ kọ́ ọ, ó ní kí èmi àti obìnrin kan tó ti lé ní 60 ṣì ní sùúrù. Mọ́ńdè yìí ni wọ́n wá pe àwa méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ ti dínkù, wọ́n á san owó oṣù mẹ́ta fún wa, ṣùgbọ́n ká sáìnì kó tó di Fráídè pé a ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọkọ mi ní kí n gbowó kí n fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣé torí ọjọ́ orí mi ni, àbí ara ló kàn ń fu mí?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sáìnì nǹkan kan.

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1967, ADEA ni wọ́n ń pè é, ó ní ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 20 sókè kò gbọdọ̀ torí ọjọ́ orí rẹ́ ẹni tó ti pé 40 jẹ. Ní 1990 wọ́n wá fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ sáìnì pé ẹ ò ní pẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 21 láti fi rò ó, tó bá sì jẹ́ èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n jọ ń dá dúró pọ̀, ọjọ́ 45 ni, wọ́n á tún fún yín ní ìwé tó sọ iṣẹ́ àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n mú àtàwọn tí wọn ò mú. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ lọ rí lọ́yà. Kódà tẹ́ ẹ bá sáìnì tán, ẹ ṣì ní ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà. Fráídè wọn yẹn, níbo ni wọ́n ti rí i? Obìnrin kan wà, Oubre, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún òun náà, ó sáìnì, ó gbowó, ó tún pẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì sọ ní 1998 pé ìwé yẹn ò lè dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn sáìnì o.

Ó kan ọ̀rọ̀ "Mama" yẹn. Etí Yorùbá la fi ń gbọ́ ọ, ó ń dùn mọ́ wa bí ìgbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wa, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwàdà nìkan ò lè gbé ẹjọ́ dúró, torí láti 2009 ilé ẹjọ́ ti ní kẹ́ni tó pẹjọ́ fi hàn pé tí kì í bá ṣe ti ọjọ́ orí, wọn ò ní ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tó wúwo lójú tèmi ni ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn. Wọn ò kọ́ yín, wọ́n wá ní iṣẹ́ dínkù, àwọn méjì tó dàgbà jù ni iṣẹ́ wá dínkù lọ́wọ́ wọn! Mi ò sí nínú ọkàn mánéjà yín, àmọ́ ó ń rùn. Ẹ máa wò ó bóyá wọ́n á gbé iṣẹ́ yín fún ọmọdé tàbí kí wọ́n polówó rẹ̀ lórúkọ míì.

Lálẹ́ òní, ẹ jókòó nílé kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ wo, kí ló sọ gan-an, ta ló wà níbẹ̀, ta ni wọ́n rán lọ kọ́ṣẹ́. Inú ìwé tiyín ni o, kì í ṣe íméèlì ọ́físì, torí wọ́n lè tì í mọ́ yín lójijì. Ẹ má sì kó ìwé aláìsàn kankan jáde, wọ́n á fi ìyẹn lé yín tòótọ́. Ẹ pe ẹnì kejì yín náà kó má lọ sáìnì.

EEOC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrẹ́jẹ níbi iṣẹ́, lẹ máa fi ẹjọ́ sùn, ọ̀fẹ́ ni. Àkókò tí wọ́n fún yín láti fẹjọ́ sùn lè gùn tó ọjọ́ 300 láwọn ìpínlẹ̀ kan, àmọ́ ẹ ka 180, kẹ́ ẹ sì kà á láti Mọ́ńdè tí wọ́n sọ fún yín, kì í ṣe láti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣíwọ́. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé mi ò ní kẹ́ ẹ má gbowó o, lọ́yà lè bá yín sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà.

*

Ọmọ ọdún 29 ni mí, n'Ìbàdàn. 2017 ni mo wọ yunifásítì fún kọ́ọ̀sì ọdún márùn-ún, 2024 ni mo jáde. Gbogbo ilé iṣẹ́ ní àwọn ò gba ẹni tó ju 26 lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ kọ́ọ̀tù lọ búra ọjọ́ orí tuntun.

Àbúrò, má dán an wò. Ìbúra èké, ẹ̀wọ̀n ń bẹ ńbẹ̀, ọjọ́ tòótọ́ sì wà lórí NIN ẹ àti BVN ẹ. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, oṣù mẹ́jọ ní 2022, àwọn ilé iṣẹ́ wá ń bi ọ́ pé kí ló dé tó o pẹ́. Abala 42 ìwé òfin 1999 dárúkọ ẹ̀yà, ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo àti èrò òṣèlú, kò dárúkọ ọjọ́ orí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ gàdàgbà síta láìbẹ̀rù. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé 26 làwọn fẹ́ràn jù, fi tìẹ ránṣẹ́, ìfẹ́ kì í ṣòfin. Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń tì ọ́ jáde tó o bá ti fi ọjọ́ ìbí sí i, fi í sílẹ̀, wá ilé iṣẹ́ kékeré tó ń bèèrè ohun tó o lè ṣe, lẹ́yìn ọdún méjì ibi tí wọ́n ti ń wá onírìírí lo máa lọ, ọjọ́ orí tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀ máa ń ga díẹ̀. Tó o bá sì ti lọ búra yẹn kó o tó kọ̀wé sí mi, tún un kọ, kó o sọ òótọ́ fún mi.