Ṣé ó dára kéèyàn máa sin ọmọ ìnàkí ṣinpansí nínú ilé?

Rárá o. Kí ọmọ ṣinpansí tó dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á, wọ́n ti sábà pa ìyá rẹ̀ nínú igbó, torí ìyá kì í fi ọmọ sílẹ̀. Bí ọdún 4 sí 5 ló fi ń mu ọmú. Ẹ̀gbẹ́ ìyá yẹn náà ló ti ń kọ́ iṣẹ́: á máa wò bí ìyá ṣe ń já ewé kúrò lára ẹ̀ka tín-ín-rín, tó ń tì í bọ inú òkìtì ikán, tó sì ń rọra fà á jáde pẹ̀lú ikán tó ti gé e mọ́ra. Jane Goodall, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ṣinpansí, rí irú èyí nínú igbó Gombe, lórílẹ̀-èdè Tanzania, lọ́dún 1960. Ta ló máa kọ́ ọ nínú ilé?

Tó bá dàgbà, agbára rẹ̀ ju tèèyàn lọ, ó sì lè ṣeni léṣe gan-an, ni wọ́n bá tì í mọ́ àhámọ́. Dídá a padà sígbó náà le, torí àwọn akọ tó ni àgbègbè lè pa àlejò.

CITES, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó tó wà nínú ewu, ti ka fífi í ṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, kódà bí àánú rẹ̀ bá ṣe yín. Owó yẹn ló ń rán ọdẹ padà sígbó. Ẹ fi tó àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ẹranko igbó létí.